Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ́ Owó Góòlù Bàbá Yín: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá mo mẹ́nu ba àwọn owó góòlù àtijọ́ tí mò ń kó jọ, àwọn tí wọ́n fi hámà lù láyé ọjọ́un kí ẹ̀rọ tó dé, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa wọ̀ yín lára tó báyìí. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ ju àyè tí wọ́n fún mi lọ, mo wá mú márùn-ún níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ lórí ẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti gbé Ìlú Ọba rí, nígbà tí wọ́n lọ kàwé níbẹ̀. Bá a ṣe ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ la rí owó góòlù kan nínú àpò aṣọ kékeré kan, ó fẹ̀, ó tín-ín-rín bí ìdérí agolo mílíìkì, kò tiẹ̀ rí roboto dáadáa. Ọkùnrin kan dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ó mú idà àti asà lọ́wọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ àgbélébùú tí wọ́n ṣe òdòdó sí lára. Mo gbé e lọ bá àwọn tó ń rọ góòlù nítòsí Ọjà Ọba, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ gíráàmù 7.7, wọ́n ní góòlù ẹ̀ dáa gan-an, káwọn yọ́ ọ káwọn fi rọ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn fún ọmọ mi obìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká kúkú tà á. Mo ti fi pésìtì fọ apá kan, ó ń dán. Kí ni ká ṣe? (Ìyá ìyàwó, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fi ọmọ yín bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ́ ọ. Tó bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ gbà á lónìí. Kì í ṣe pé àwọn tó ń rọ góòlù fẹ́ rẹ́ yín jẹ o, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wo góòlù kí wọ́n rí yẹtí nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ júwe yẹn, ọkùnrin nínú ọkọ̀ pẹ̀lú idà àti asà, noble ni wọ́n ń pè é, owó àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọba Edward Kẹta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n lù ú lọ́dún 1344, òun gan-an ló dúró nínú ọkọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ogun orí omi tó ti ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Sluys lọ́dún 1340 ló jẹ́ kó fi ọkọ̀ sí i. Ṣílè mẹ́fà àti kọ́bọ̀ (pẹ́nì) mẹ́jọ ni iye ẹ̀, mẹ́ta ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Àwọn àgbà tó ná pọ́n-ùn àti ṣílè kí náírà tó dé lọ́dún 1973 á tètè mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwọ̀n tí ẹ kọ ránṣẹ́ yẹn ló mú mi dìde lórí àga. Ẹ rí i, noble àkọ́kọ́ wúwo tó gíráàmù 8.97, wọ́n dín in kù lọ́dún 1346, wọ́n tún dín in kù lọ́dún 1351 sí bíi 7.78, ibẹ̀ ló wà títí di 1412 tí wọ́n tún gé e sí 7.0. Tiyín jẹ́ 7.7. Góòlù máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ míì, àwọn kan nígbà yẹn sì máa ń fi àlùmọ́gàjí gé etí ẹ̀ jẹ, nítorí ẹ̀ díẹ̀ tó dín kù yẹn kò bà mí lẹ́rù rárá. Tó bá jẹ́ ojúlówó, ó jọ pé láàrin 1351 sí 1412 ni wọ́n lù ú. Ẹ wá wo àárín àgbélébùú tó wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́tà kan sábà máa ń wà níbẹ̀: tó bá jẹ́ E, Edward ni, tó bá jẹ́ R, Richard Kejì ọmọ ọmọ ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ C, ìlú Calais létí òkun ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti lù ú, torí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú yẹn wà nígbà náà. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ẹ bá rí àsíá kékeré kan, Calais náà ló ń sọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n kọ yí ẹ̀gbẹ́ iwájú ká jẹ́ orúkọ ọba àti àwọn ilẹ̀ tó ní òun ni, wọ́n gé àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú nítorí àyè. Ẹ wá FRANC níbẹ̀. Edward ní òun ni ọba Faransé náà, àmọ́ nígbà tó bá wọn ṣàdéhùn, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára owó láàrin 1361 sí 1369, ìjà wá tún bẹ̀rẹ̀, ó dá a padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára owó, ó ti sọ fún yín bóyá ìjà wà nílẹ̀ lọ́dún yẹn àbí kò sí. Ti ẹ̀yìn ẹ̀ wá jẹ́ Bíbélì, ní èdè Látìn: IHC AVTEM TRANSIENS PER MEDIVM ILLORVM IBAT, Lúùkù orí kẹrin ẹsẹ ọgbọ̀n, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ti Jésù ṣubú lórí òkè tó sì gba àárín wọn kọjá lọ. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn gbà pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn dání, olè ò ní rí i mú lójú ọ̀nà. Ẹ ò rí i pé wọ́n fi owó ṣe oǹdè.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, mi ò lè tinú lẹ́tà mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ayédèrú noble pọ̀, àwọn mùsíọ́ọ̀mù náà máa ń ta èyí tí wọ́n ṣe fún àfihàn. Ṣùgbọ́n ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, kò ní pa á lára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkúta ha á tàbí da ásíìdì sí i. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù yẹn, ẹ ní kí wọ́n yá yín síkéèlì wọn, irú èyí tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ gbé ife omi kékeré lé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo. Ẹ wá fi òwú ìránṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, ẹ rọra rì í sínú omi kó rì tán, ẹ fi ọwọ́ dì í mú kó má kan ìsàlẹ̀ ife, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà tó bá jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Góòlù tí wọ́n fi lu noble fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ pátápátá, nínú ẹgbẹ̀rún, 995 ni góòlù, góòlù sì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mọ́kàndínlógún. Nítorí náà 7.7 yẹn gbọ́dọ̀ fún yín ní 0.40 tàbí 0.41. Tí ẹ bá rí 0.73 níbẹ̀, fàdákà ni wọ́n fi góòlù bò. Tó bá lọ sí 0.90, idẹ ni. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta o, torí tí afẹ́fẹ́ kékeré bá lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ nínú omi, irọ́ ló máa sọ.

Ọ̀rọ̀ pésìtì wá ńkọ́. Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọ ọ́ mọ́. Iyẹ̀pẹ̀ wà nínú pésìtì bẹ́ẹ̀ góòlù tó mọ́ tó báyìí rọ̀, gbogbo ibi tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lọ sí ti gba àpá tín-ín-tín-ín, ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi gíláàsì wò ó á rí i. Kò sí ohun tó ń jẹ góòlù nínú ilé, kì í dógùn-ún, kì í ṣú bíi fàdákà, kí wá lẹ̀ ń fọ̀? Dídán kọ́ là ń wá lára ẹ̀. Àwọ̀ tó ti wà lára ẹ̀ láti ẹgbẹ̀ta ọdún yẹn, òun là ń wá. Ẹ fi bébà funfun tó mọ́ wé e, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù rírọ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ sí ibi tí àwọn ará ilé ò ti ní máa wọ́ kọjá. Ẹ má dá a lu, ẹ má ní kí wọ́n lẹ hóòkù mọ́ ọn kí ìyàwó fi sọ́rùn, owó tí wọ́n ti so rí, ìdajì iye ẹ̀ lè lọ síbẹ̀, àpá ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ò sì ní kúrò láéláé.

Ẹ padà sínú àpótí ìwé Bàbá. Ẹ wá rìsíìtì, ẹ wá lẹ́tà, àní káàdì kékeré tí ẹni tó tà á fún wọn fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí, ẹ má da àpò aṣọ yẹn nù. Owó tó ní ìtàn ibi tó ti wá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó kàn jáde látinú òfìfo. Ní ti títà, ó dọwọ́ ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, ogún bàbá yín ni, mi ò lè dá sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ tà á, àwọn ilé gbàǹjo tó ń ta owó àtijọ́ ní London ni kí ẹ fi fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí, níwá lẹ́yìn pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀, torí noble tó dáa ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, ìwọ̀n góòlù inú ẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń san. Tí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ fi han ìyàwó lọ́jọ́ ìdána, kẹ́ ẹ sọ fún un pé bàbá ìyá ẹ̀ ló fi sílẹ̀, kí ẹ sì rọ yẹtí látinú góòlù míì.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUTA níbí, iṣẹ́ irin ni mò ń kọ́. Mo wo fótò noble Edward Kẹta méjì, ojú ọba ò jọra, lẹ́tà ò jọra, ọ̀kan tiẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ṣé ọ̀kan jẹ́ fèékì ni? Báwo lèmi náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó akẹ́kọ̀ọ́?

Ìwọ tó ń kọ́ iṣẹ́ irin ló yẹ kó o ṣàlàyé èyí fún mi! Rántí ilé àgbẹ̀dẹ. Wọ́n á yọ́ góòlù, wọ́n á lù ú pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Irin òǹtẹ̀ méjì ló wà: ti ìsàlẹ̀ ní ẹnu ṣóṣóró tí wọ́n gún mọ́ kùkùté igi kó má mì, ti òkè, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú. Wọ́n á gbé góòlù sáàárín, ẹni tó mú hámà á wá sọ ọ́ kalẹ̀. Tí ọwọ́ bá mì, àwòrán á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì tí irin sì ti yẹ̀ díẹ̀, ọba á ní imú méjì. Irin òkè ló ń jẹ hámà, òun ló sì ń tètè fọ́, wọ́n á ti pààrọ̀ tòkè bí ìgbà mélòó kan kí tìsàlẹ̀ tó gbó. Bó ṣe wà nìyẹn títí di 1662 kí ẹ̀rọ tó gba gbogbo ẹ̀ pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà kí wọ́n má jọra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni kí méjì jọra jù. Owó méjì lè ti abẹ́ irin òǹtẹ̀ kan náà jáde o, ìyẹn ò burú, àmọ́ tí méjèèjì bá wọ́ síbì kan náà, tí etí méjèèjì la síbì kan náà, tí àpá kan náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba, ọ̀kan ló bí èkejì, àbí nǹkan míì ló bí àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra ìdámẹ́rin noble kan nígbà tí mo ṣì ń gbé lókè òkun, ọwọ́ oníṣòwò kan tó ń rẹ́rìn-ín sí mi dáadáa, inú mi dùn débi pé mi ò wọ̀n ọ́n. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà mo rí ẹnìkejì ẹ̀ lórí tábìlì ẹlòmíì, pẹ̀lú àpá tó wà lára tèmi. Dídà ni wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo wá fi gíláàsì wò ó, ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ kún ara ẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ rọ̀, kò mú. Ojúlówó kì í rí bẹ́ẹ̀, ibi tí góòlù ti sá fún hámà máa ń hàn lára ẹ̀, ńṣe ni góòlù á ṣàn lọ sí etí. Ó dùn mí gan-an, títí dòní mi ò kí ń ra ohun tí mi ò bá tíì wọ̀n.

Ní ti bíbẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú góòlù. Wá kọ́bọ̀ fàdákà Ọba Edward Kìn-ín-ní, hámà náà ni wọ́n fi lù ú, ó pọ̀ káàkiri, owó ẹ̀ ò pani, ojú ẹ lá kọ́kọ́ mọ ohun tí hámà ń ṣe. Ìwé àkọsílẹ̀ Portable Antiquities Scheme ti Ìlú Ọba wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, fótò ohun tí wọ́n hú nílẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, alẹ́ kan tí iná wà, jókòó tì í. Tí owó bá wá dé, ìdámẹ́rin noble (gíráàmù 1.9 péré ni) tàbí dúkátì ti Venice. Dúkátì yẹn, 1284 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n ń ṣe é lọ títí di 1797 pẹ̀lú àwòrán kan náà, olórí ìlú kúnlẹ̀ síwájú Máàkù Mímọ́, gíráàmù mẹ́ta ààbọ̀, ìwọ̀n ẹ̀ ò yẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ góòlù.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi fótò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé owó góòlù Ọba Henry Kẹta ni, ₦300,000, pé ẹni tó ni ín ń wá owó kíákíá. Ṣé kí n rà á? (Oníṣòwò, Yaba, Oǹdó)

Rárá o. 1257 ni Henry Kẹta lu kọ́bọ̀ góòlù yẹn, àwọn èèyàn London ò fẹ́ ẹ, wọ́n yọ́ èyí tó pọ̀ jù padà, èyí tó ṣẹ́ kù láyé ò ju ìwọ̀nba tí ọwọ́ méjì lè kà lọ. Ẹnì kan hú ọ̀kan nínú oko ní Devon lọ́dún 2021, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní January 2022, pẹ̀lú owó iṣẹ́ ó jẹ́ pọ́n-ùn 648,000. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ ò ní máa wá yín kiri lórí fóònù. Ẹ bulọ́ọ̀kì nọ́ńbà yẹn.

Àbúrò mi wà ní Ìlú Ọba, ó ra ẹ̀rọ tó máa ń ké tí irin bá wà nínú ilẹ̀. Tó bá rí góòlù nínú oko olóko, ṣé tiẹ̀ ni? (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Kó gba àṣẹ olóko kó tó wọlé, kí wọ́n sì kọ àdéhùn bí wọ́n ṣe máa pín in sílẹ̀. Ní Íńgílándì, tó bá rí owó góòlù tàbí fàdákà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan náà, tí wọ́n ti lé ní 300 ọdún, òfin 1996 pè é ní ìṣúra, ó gbọ́dọ̀ fi tó kọ́rónà (coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò) létí láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mùsíọ́ọ̀mù lè rà á, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé òun àti olóko ló máa pín owó ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo sábà kì í wọ abẹ́ òfin yẹn, àmọ́ kó ṣì fi han òṣìṣẹ́ tó ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá wá ní orire bíi ti àwọn tó hú ilẹ̀ Fishpool lọ́dún 1966, owó góòlù 1,237 ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan nínú wọn wà ní British Museum báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ohun àtijọ́ tí ẹ bá hú níbi ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má tà á fún ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ lọ sọ fún NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun àtijọ́, wọ́n ní mùsíọ́ọ̀mù ní Ọ̀wọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n wú nílẹ̀ Igbó'Lájà l'Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1971 ti kọ́ gbogbo ayé nípa wa.

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, nílùú Oǹdó. Mi ò bínú sí yín o, àmọ́ kí ló kàn wá pẹ̀lú owó ọba òyìnbó? Kí ni àwa ní níbẹ̀?

Góòlù ẹ̀ gan-an ni sà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ Yúróòpù tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ lu owó góòlù, fàdákà ni wọ́n ń ná. Ọdún 1252 ni Florence àti Genoa bẹ̀rẹ̀, Venice tẹ̀ lé wọn. Níbo ni wọ́n ti rí góòlù? Díẹ̀ ti Hungary wá, àmọ́ èyí tó pọ̀ gan-an ti apá ọ̀dọ̀ wa níbí, látinú ilẹ̀ Bambuk àti Bure lápá òkè odò Sẹ̀nẹ̀gà àti Ọya, ràkúnmí ló gbé e gba aginjù Sàhárà kọjá dé ọwọ́ àwọn Lárúbáwá, àwọn ará Ítálì wá fi aṣọ àti ọjà míì gbà á ní èbúté àríwá. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn Almoravid, àwọn ọba Mùsùlùmí tó jẹ ní Morocco, ti ń fi góòlù yẹn lu dínárì, owó góòlù tiwọn, ní ìlú Sijilmasa níbẹ̀, dínárì tó mọ́ débi pé àwọn ọba Kristẹni ní Spain ń fara wé e. Mansa Musa ọba Màlì gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà lọ́dún 1324, ó ná góòlù débi pé iye góòlù já wálẹ̀ níbẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Edward lu noble àkọ́kọ́.

Nítorí náà sà, nígbà tí mo bá gbé florin, owó góòlù Florence yẹn, lé àtẹ́lẹwọ́, mi ò rí i bí ohun òyìnbó nìkan, ọwọ́ àwọn tó ń fi igbá wẹ góòlù létí odò ní Bure lè ti kan án kí ó tó di owó. A ò lè tọ́ka sí ẹyọ kan pàtó, torí wọ́n máa ń yọ́ wọn pọ̀.

Kì í ṣe pé àwa kàn wà góòlù lásán o. Ní Tadmekka, tí wọ́n ń pè ní Essouk báyìí ní Màlì, òǹkọ̀wé Lárúbáwá kan, al-Bakri, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkànlá pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ní dínárì tiwọn, góòlù tó mọ́, tí kò ní òǹtẹ̀ lára, ó ní dínárì apárí ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ò kà á sí. Àfìgbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n rí mọ́ọ̀dù amọ̀ tí wọ́n fi ń da dínárì náà, ẹ̀kán góòlù kéékèèké ṣì wà lára amọ̀ ọ̀hún.